Ọjọ́ Tí Mo Fi Màmá Florence Ṣe Àwàdà

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì máa ń sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló gbé mi gun orí ìtàgé. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi gbé ìbínú náà pamọ́, tí mò ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, tí mò ń kí Màmá Florence Ọ̀ṣuntókun ní "ẹ káàárọ̀ mà" lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, ṣé wọ́n rò pé búrẹ́dì ni màá fi gé ni?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìfẹ́ ló ṣáájú ẹ̀san.

Ọdún 1971 ni àrùn onígbáméjì wọ Kánò. Ó ti ń jà káàkiri ayé kó tó kàn wá, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Sabon Gari, àdúgbò wa, ó ṣe bí ẹni pé àwa nìkan ló ń wá bọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ wa ní òun ń fẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn láti se omi mímu, kí wọ́n da ìsáàlì, oògùn apakòkòrò, sí ṣálángá, kí wọ́n sì gbé ẹni tí àìsàn bá mú lọ sí ọsibítù. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló kọ orúkọ sílẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, a ku mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí aláìsàn àkọ́kọ́ bì sí wa lára, a ku méjì: èmi Ìyábọ̀dé Ọláyọdé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ onímọ́ínmọ́ín, àti Ọlákúnlé, àkọ́bí Màmá Florence.

Màmá Florence ni alága ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ náà. Aláṣọ pàtàkì ni ní Ọjà Sabon Gari, ó sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láti ọjọ́ tí àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ àdúgbò mọ́. Ojú fèrèsé òkè ló ti ń ṣe alága. Ó so okùn mọ́ agbọ̀n kan, òun ló fi ń sọ ọṣẹ àti ìsáàlì kalẹ̀ fún wa, òun náà ló fi ń fa ẹran àti tòmátì tirẹ̀ sókè.

"Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan agbọ̀n mi o!" Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn. "Kúnlé, má sún mọ́ ìsàlẹ̀ yẹn! Mí sí ẹ̀gbẹ́ kan!"

Ọmọlanke kan tí a gbà lọ́wọ́ Malam Habu, alárù kan ní Fagge, la fi ń gbé àwọn aláìsàn. Nígbà tí a ní ká dá a padà fún un, ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì sá sẹ́yìn.

"Haba! Ku riƙe! Na bar muku, wallahi!" Ó ti fi ta wá lọ́rẹ títí ayé nìyẹn.

Ibo ni ọmọlanke máa sùn? Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. A gbé e dé ọgbà Màmá Florence, tó fẹ̀ tó pápá. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Kí nìyẹn? Kẹ̀kẹ́ òkú nínú kọ́ńpáùn mi? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ gbé e kúrò!"

Ìyá mi ló gbà á. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà, níbi tó ti ń ta mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ. Ó wo ọmọlanke náà, ó wo àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹ tì í sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé igi máa ń bì ni?" Ó ń fi omi gbígbóná àti ìsáàlì fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ títí àrùn náà fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹyọ ẹnì kan kò ṣàìsàn nílé wa.

Ìfẹ́ wa kò rí bí ìfẹ́ inú ìwé. Òórùn ìsáàlì ló ń jáde lára Ọlákúnlé nígbà gbogbo. Ìgbà àkọ́kọ́ tó di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́ ni. "Dé ìgbọ̀nwọ́," ló ń wí, "dé ìgbọ̀nwọ́, Bọ̀dé, má kánjú." Mi ò kánjú.

Lọ́jọ́ kan, a rí bàbá kan tó nà gbalaja lẹ́bàá gọ́tà ní ìhà Fagge. A gbé e sínú ọmọlanke, èmi di orí mú, Kúnlé ń tì, à ń sáré, à ń gbàdúrà. Nígbà tí a dé ẹnu géètì ọsibítù, bàbá dìde jókòó, ọtí burúkùtù ń run lẹ́nu rẹ̀.

"Una dey carry me go where?" ló bi wá. "Who die?"

Ọlákúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, omi ẹ̀rín ń bọ́ níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti kó sí gbèsè ọkàn. Bí a ṣe ń darí bọ̀, ó ní, "Bọ̀dé, bí àrùn yìí bá lọ tí a ò kú, màá fẹ́ ẹ."

"Kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ẹ ná," ni mo dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Àrùn náà lọ, a ò kú, a sì ń fẹ́ra wa sọ́nà fún ọdún méjì. Bọ̀dá James Adéyanjú, télọ̀ tó ń rán aṣọ kọ́yà, ni alárinà wa. Inú àpò aṣọ tí mo bá gbé fún un rán ni mo ti máa ń rí lẹ́tà Kúnlé. Nígbà tó di ọdún 1973, Kúnlé sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí aya.

Ẹ mọ̀ pé kí a tó tọrọ ọmọ, ìwádìí ni yóò kọ́kọ́ wáyé. Ṣé kò sí wèrè nídìílé wọn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá? Àwa tí a wà nílẹ̀ Hausa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá, nítorí gbogbo wa la wá láti ọ̀nà jíjìn, ta ló mọ ìdí ẹnìkejì? Ìlú ẹni ni wọ́n máa ń rán èèyàn lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni tiwa. Màmá Florence kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Kúnlé bá a sọ̀rọ̀, ó dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó ní, "A ti wádìí àwọn onímọ́ínmọ́ín yẹn. Àrùn wà nídìílé wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rántí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ni onígbáméjì ń sùn."

Bọ̀dá James ló wá jíṣẹ́ náà fún wa. Kò lè jókòó.

"Ìyá Bọ̀dé, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní... wọ́n ní ìwádìí náà kò fọre."

"Ta ni wọ́n bi?" ni ìyá mi béèrè.

Bọ̀dá James wolẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bi, ó sì mọ̀.

Kí oṣù tó parí, mọ́ínmọ́ín ìyá mi ń kan nínú ìkòkò. Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún mẹ́wàá ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ó ń gbé ọpọ́n lórí lọ sí Zoo Road, ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, obìnrin àádọ́ta ọdún, nínú oòrùn Kánò. Lọ́dọ̀ tèmi, ọkùnrin méjì tó fẹ́ wá bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà gbọ́ nípa "ìwádìí," wọ́n sì yà bàrá.

Kúnlé wá bá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá ní bí mo bá fẹ́ ẹ, àwọn á fi ọmú tí mo mu gégùn-ún fún mi."

"Mi ò ní kí o fẹ́ mi," ni mo wí. "Lọ sí ìpàdé wọn, kí o sọ pé irọ́ ni. O mọ ibi tí ọmọlanke yẹn ti wá. Sọ ọ́, kí o sì máa lọ."

Kò sọ ọ́. Kàdúná ni ìyá rẹ̀ rán an lọ láti máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù aṣọ kejì. Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí mi. Mo ka gbogbo wọn, mo sunkún sí gbogbo wọn lára, mi ò sì fèsì sí ìkankan.

Ní ọdún 1978, akọ̀wé àwọn obìnrin ìjọ wá bá mi nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ó ní lọ́jọ́ ìkórè, wọn yóò fi Màmá Florence jẹ Ìyá Ìjọ, nítorí iṣẹ́ ribiribi tó ṣe nígbà onígbáméjì. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan ṣe àwàdà lórí ìtàgé, kó fi rán wa létí bí àwọn èèyàn wa ṣe yọ̀ǹda ara wọn nígbà náà.

"Tíṣà, ìwọ lo mọ ìtàn yẹn jù, o sì mọ bí a ti ń sín èèyàn jẹ. Ìwọ nìkan ti tó. Ṣáà pa wá lẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Màá pa yín lẹ́rìn-ín, mà."

Bọ̀dá James gbọ́, ó sá wá. Ó ní, "Bọ̀dé, fìjà f'Ọ́lọ́run jà, fọwọ́ lẹ́rán."

"Bọ̀dá, ọdún márùn-ún ni mo ti fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí."

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo lọ bá ìyá mi palẹ̀ ọjà mọ́ ní Zoo Road. Ẹni tí mo bá tó dúró tì í, tó ń bá a di ewé, Ọlákúnlé ni. Irun funfun kan ti yọ nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Àyà mi já. Inú bí mi pé àyà mi já.

"Bọ̀dé."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," ni mo wí, bí ẹni ń kí oníbàárà.

"Mi ò tíì gbéyàwó. Màmá ti gbà. Wọ́n ti ń dàgbà, wọ́n ń wá ọmọ-ọmọ. Wọ́n ní lẹ́yìn ìkórè, lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn á wá tọrọ ẹ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo rí orúkọ ẹ nínú ètò. Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ohun tí ẹnì kan yẹ kó ti sọ ní 1973."

"Bí o bá sọ ọ́, wọn ò ní wá mọ́ láéláé. Jọ̀ọ́. Ká kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ná. Màá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀."

"Ṣé kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ba ìyá mi lórúkọ jẹ́?"

Ó na ọwọ́ sí mi, mo sì fẹ́ ọwọ́ náà ju oúnjẹ lọ. Mo fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti gbé ọpọ́n sórí kí ọwọ́ tèmi má baà ráyè. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi ìyá mi pé kí n ti ṣe é. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Mi ò ní kí o sọ ọ́, mi ò ní kí o má sọ ọ́. Ìwọ lo máa gbé nílé ọkọ tàbí tí o ò ní gbé ibẹ̀."

Mo sunkún ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ra okùn.

Gbọ̀ngàn ìjọ kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ìkórè. Àga kan, gèlè kan, agbọ̀n kan tí mo so okùn mọ́, èmi nìkan. Mo fi gèlè wé orí, mo di pásítọ̀ tó ń wá ọ̀dọ́. Mo tú u, mo di ọ̀dọ́ mẹ́rìnlélógún tó ń sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan inú ń run ún, ẹnì kan ìyá rẹ̀ àgbà kú lẹ́ẹ̀kẹta. Mo di ọ̀mùtí inú ọmọlanke. Nígbà tí mo ní "Who die?", àwọn èèyàn ń fọwọ́ lu ẹsẹ̀ ara wọn. Màmá Florence wà ní ìjókòó iwájú nínú léèsì aláwọ̀ wúrà, ó ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì.

Ìgbà yẹn ni mo gun orí àga, mo wé gèlè náà bó ṣe máa ń wé tirẹ̀, ní ìhà òsì, mo sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ o! Ẹ fọ okùn náà! Ẹ fọ afẹ́fẹ́ tó wà láàrin wa! Èmi alága yín, mo wà pẹ̀lú yín... láti òkè níbí!"

Ẹ̀rín bú. Kò sí ẹni tí kò mọ agbọ̀n yẹn. Mo rí i tí ẹnu Màmá Florence dúró lórí ẹ̀rín, tí ojú rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Mo ṣì lè dúró. Kúnlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí ìyá mi tó jókòó nídìí ògiri, ibi tó ti ń jókòó láti ọdún márùn-ún kí ẹnikẹ́ni má baà ní láti sún fún un.

Mo fa okùn.

"Bọ̀dá télọ̀! Ẹ bá mi wádìí ọmọ onímọ́ínmọ́ín yẹn. Hàbà, ẹ má lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ o, ọ̀nà jìn! Láti ojú fèrèsé mi níbí, mo ti rí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rí àrùn níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀kọ!"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà, mo tú gèlè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọlanke yẹn sùn lọ́dọ̀ ìyá mi nítorí pé alága lé e. Ìyá mi ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́wàá jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀, èwo nínú yín ló kú?"

Ọkùnrin kan láàárín àwọn akọrin ló kọ́kọ́ dáhùn: "Kò sẹ́ni tó kú!" Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó mọ̀, gbogbo ojú ti yí sẹ́yìn sọ́dọ̀ ìyá mi. Pásítọ̀ pe Màmá Florence lẹ́ẹ̀mejì kó wá gba oyè. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. Kúnlé tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn.

Nílé, ìyá mi bọ́ bàtà, ó jókòó. "O ṣe é," ló wí. "Ó dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá dé, kò sí ẹni tó wá tọrọ mi. Ìyá mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà, èrò ń wọ́ níbẹ̀, mo sì ń lọ ẹ̀wà pẹ̀lú omijé lójú. Mo ti gba orúkọ padà, mo ti pàdánù ọkọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ó tó bẹ́ẹ̀. Kò tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìkórè ni Bọ̀dá James mú Màmá Florence wọlé wa. Ó ti rù. Inú ọjà ni wọn ò ti jẹ́ kó sinmi. "Màmá Alágbọ̀n" ni orúkọ rẹ̀ tuntun, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tó ń gbé ẹrù fún un. Kúnlé sì ti kọ̀ láti padà sí Kàdúná. Kò jẹun nílé ìyá rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ń fi àna rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láwùjọ. Bí ó bá di àna wa, èmi fúnra mi ni màá ní láti pa ẹnu àwọn èèyàn mọ́.

"Mo wá tọrọ òdòdó," ló wí, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá mi ní, "A ti gbọ́, mà. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lọ ṣe ìwádìí tiwa."

Ó sì ṣe é ní tòótọ́. Ó rán Bọ̀dá James wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú wọn, ó béèrè lọ́wọ́ ẹbí, ó béèrè lọ́wọ́ ará àdúgbò. Oṣù méjì gbáko. Ìdílé wọn mọ́, kò sí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, Kúnlé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá mi kò tíì ní kí wọ́n dìde. Ó kọjú sí Màmá Florence, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àwa ti wádìí yín, mà, kò sí àléébù. Kí lẹ̀yin rí nínú ìwádìí tiyín?"

Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún náà wo yàrá yíká. Kò sí fèrèsé tó lè gbà jáde. Ó kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ dún lórí sìmẹ́ǹtì.

"Mi ò wádìí. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín."

Ìyá mi ti fò dìde, ó ti gbá a mú ní apá méjèèjì. "Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ó ti tán!" Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Wọ́n ti di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ní ọdún 1987, ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni Màmá Florence ti ń jẹun ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n èmi, nígbà tí eékún yẹn kan ilẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi kàn ṣí ni, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Ẹni tó bá ní ẹ̀san kò dùn kò tíì tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí i pé Kúnlé ti gbé orí sókè lórí ẹní. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń wò. Èmi ló ń wò.

Ó fẹ́ mi. Ó ń kẹ́ mi títí dòní, a bí ọmọ mẹ́ta, kò sì mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, ó máa ń kọ́kọ́ wá ibi tí ojú mi wà, kó tó bá mi rín. Mi ò tíì bẹ̀ ẹ́ nítorí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, yóò bi mí bóyá mo kábàámọ̀, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún un.